Èènì Tí Bàbá Mi Gbà Lórí Púlọ́ọ̀gì

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ èyí kí ẹnikẹ́ni tó máa fojú burúkú wò mí: owó mi ni mo fi ra ọkọ̀ náà. Ọkùnrin kan kọ́ ló rà á fún mi, mi ò sì lọ tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nọ́ọ̀sì ni mí nígbà náà ní ilé ìwòsàn kékeré kan lẹ́bàá Papalanto, Kẹ́mta ni mo sì ń gbé pẹ̀lú bàbá àti ìyá mi. Òyìnbó ẹnjiníà kan tí mo máa ń bá yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò ló fẹ́ padà sílùú rẹ̀, ó ní òun ń ta ọkọ̀ òun. Mo ní kí n kàn lọ wò ó. Bí mo ṣe wò ó báyìí, mi ò lè kúrò nídìí ẹ̀ mọ́. Ó pupa fòò, ilẹ̀kùn méjì péré ló ní, ó pẹlẹbẹ mọ́lẹ̀, tí èèyàn bá sì ti yí kọ́kọ́rọ́ sí i, ńṣe ló ń bú ramúramù.

Ọkọ̀ eré ni. Àwọn tó ṣe é ṣe é fún ẹni tó fẹ́ máa sáré lójú títì tó tẹ́jú, tí kò sí ewúrẹ́ níwájú rẹ̀. Èmi wá ń gbé e lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀, mo ń gbé e lọ sọ́jà, mo ń gbé e lọ síbi ìsìnkú àti ìsọmọlórúkọ. Kí ni kí n ti ṣe? Òun nìkan ni mo ní.

Bàbá mi ti ṣe ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí tó fi fẹ̀yìn tì, Tíṣà ni gbogbo Kẹ́mta ń pè é. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà pọ́ńbélé ni, irọ́ kì í sì í jáde lẹ́nu rẹ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa, torí nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méje, mo ní mo ti wẹ̀ nígbà tí mi ò tíì wẹ̀. Pàṣán mẹ́ta ló nà mí. Ó ṣàlàyé wọn fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó nà wọ́n: ọ̀kan fún ìdọ̀tí, méjì fún irọ́.

Láti ọjọ́ tí mo ti gbé ọkọ̀ náà wọ àgbàlá wa ni bàbá mi kò ti gba tirẹ̀. Ó ní kò sí ibi tí àgbà máa gbà wọ ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ní ariwo rẹ̀ ń jí ọmọ ọlọ́mọ lójú oorun. Mi ò ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí títí di ọjọ́ tí wọ́n ń gbé òkú àgbàlagbà kan bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì. Mo rí àwọn tó ń tẹ̀lé òkú, mo bọ̀wọ̀ fún wọn, mo rọra dúró sẹ́bàá títì kí wọ́n lè kọjá. Ni ọkọ̀ mi bá yìn gbòlà! láti ẹ̀yìn, àfi bí ìbọn. Ayé ológun sì la wà nígbà náà o, ẹ̀rù kò jìnnà sáyà ẹnikẹ́ni. Àwọn tó gbé pósí gbé e kalẹ̀ sáàárín títì, wọ́n sá. Olórí akọrin wọ inú gọ́tà tòun taṣọ funfun. Bàbá mi wà lára wọn. Òun nìkan ni kò sá, torí ó mọ ohùn ọkọ̀ náà.

Kò bá mi sọ̀rọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tó sì máa sọ ọ́, ìyá mi ló kọjú sí.

"Ìyá wọn, sọ fún ọmọ rẹ kó ta ọkọ̀ yẹn. Mo ti bá ẹni tó máa rà á sọ̀rọ̀."

"Ẹ̀yin náà lẹ bí i, ẹ sọ fún un," ni ìyá mi dáhùn, ó ń ṣa ẹ̀wà lọ ní tirẹ̀.

Inú bí mi. Mo máa ń tètè bínú, mi ò ní purọ́, ọ̀dọ̀ bàbá mi gan-an ni mo sì ti jogún rẹ̀. Mo dìde.

"Ó dáa, bàbá. Ṣebí Sátidé yìí ni wọ́n pè yín sí ilé ìwé kan ní Papalanto pé kí ẹ wá fún àwọn ọmọ lẹ́bùn? Èmi ni mo máa gbé yín lọ. Tí ọkọ̀ mi bá kú lójú ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan péré, ní àlọ tàbí ní àbọ̀, mo máa tà á lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Tí kò bá kú, ẹ ò ní dárúkọ rẹ̀ sí burúkú mọ́ láéláé."

"Ìyá wọn, ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́."

"Ìwọ ni adájọ́ wa."

Bí mo ṣe wọ yàrá mi tán ni àyà mi já. Lóṣù yẹn nìkan, ọkọ̀ náà ti kú mọ́ mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ta ló rán mi níṣẹ́ ẹnu?

Mo mọ ohun tó ń ṣe é, púlọ́ọ̀gì ni. Ohun kékeré tó ń ṣáná sí epo nínú ẹ́ńjìnnì ni púlọ́ọ̀gì, mẹ́fà sì ni ọkọ̀ mi ń lò. Kí òyìnbó yẹn tó lọ, ó ti kọ́ mi pé tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣàìsàn, kí n tú púlọ́ọ̀gì rẹ̀ kí n wo ẹnu rẹ̀. Èyí kò ṣòro fún èmi tí mo ń sọ fún aláìsàn lójoojúmọ́ pé kó yọ ahọ́n síta. Bí ẹnu púlọ́ọ̀gì bá ní àwọ̀ tíì tí wọ́n bu mílíìkì sí, ara ẹ́ńjìnnì le. Bó bá dúdú fún èéfín, púlọ́ọ̀gì yẹn tutù jù, iná rẹ̀ kò lè jó ìdọ̀tí ara rẹ̀ dànù. Bó bá sì funfun báláú, ó ń gbóná jù nìyẹn, ó lè ba ẹ́ńjìnnì jẹ́ pátápátá. Mo tú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Wọ́n dúdú kirikiri, ẹ ó rò pé ìdí ìkòkò ni mo ń wò.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò lọ́jú pọ̀. Púlọ́ọ̀gì tútù ni òyìnbó ń lò, torí ọ̀sán Sátidé ló máa ń gbé ọkọ̀ náà jáde, á sì sá eré àsápajúdé dé Èkó. Ọkọ̀ tó bá ń sáré bẹ́ẹ̀, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ á gbóná tó láti jó gbogbo èéfín kúrò. Èmi ń kó sẹ́yìn lọ́rì síméńtì, mo ń dúró de àgùntàn, mo ń gun òkè Kẹ́mta pẹ̀lú jíà kìn-ín-ní. Mo ní láti wá púlọ́ọ̀gì tó gbóná ju ti òyìnbó lọ díẹ̀, kó má sì gbóná jù.

Ẹ wá wo ìmọ̀ràn. Mẹkáníìkì mi kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

"Àǹtí nọ́ọ̀sì, púlọ́ọ̀gì ni púlọ́ọ̀gì. Ẹ jẹ́ kí n fi sánpépà ha èyí tó wà níbẹ̀, kí n da epo sí i, kí n ṣáná sí i. Tuntun ló máa dà."

"O ti ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Ṣé tuntun ló dà?"

"Ó dà á díẹ̀."

Bàbá mi ní tirẹ̀ béèrè pé kí ni ìwé wí. Ìwé kékeré kan bá ọkọ̀ náà wá, ìwé náà sì ní kí n lo púlọ́ọ̀gì tútù. Bàbá mi ní ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn, ohun tí wọ́n bá ti tẹ̀ sínú ìwé kò ní àríyànjiyàn nínú.

"Bàbá, ẹni tó kọ ìwé yìí kò gun òkè Kẹ́mta rí."

"Ṣé ìwọ lo wá gbọ́n ju ẹni tó ṣe ọkọ̀ lọ?"

"Mo gbọ́n jù ú lọ lórí ọ̀rọ̀ òkè Kẹ́mta."

Nígbà tó di Tọ́sìdeè, mo ní mò ń lọ sí Ṣàpọ́n lọ ra púlọ́ọ̀gì, bàbá mi bá wọ bàtà. Ó ní òun ń tẹ̀lé mi lọ kó má baà di pé mo ra gbàrọgùdù, kí n wá wí lọ́jọ́ Sátidé pé ọjà ló tàn mí jẹ, kì í ṣe ọkọ̀. Mi ò lè jiyàn. Kò sí ẹni tó mọ ọjà ná tó bàbá mi ní gbogbo Kẹ́mta, èènì gan-an sì ni iṣẹ́ rẹ̀. Bàbá mi kì í ra nǹkan kan kó má gba èènì lé e. Ó gba èènì lọ́wọ́ oníyọ̀, ó gba bọ́tìnnì kan léènì lọ́wọ́ télọ̀. Nígbà kan, ó ní kí ayàwòrán fún òun léènì fọ́tò, ayàwòrán náà bá fún un ní fọ́tò ẹlòmíràn. Ó gbà á. Ìyá mi máa ń ní lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn, ọpẹ́lọpẹ́ àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó fọwọ́ bò ó lẹ́nu, díẹ̀ ló kù kó béèrè èènì lọ́wọ́ àna.

Àlájà kan ló ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Ṣàpọ́n nígbà náà. Ìyá rẹ̀ ti ta ìṣó àti àgádágodo nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà kó tó kú, òun wá sọ ọ́ di ti ọkọ̀. Àga àpótí kan ló máa ń jókòó lé, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, agolo púlọ́ọ̀gì lóríṣiríṣi yí i ká. Bàbá mi ló kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta níwèé.

"Ẹ kú ọjà o, Àlájà."

"Ẹ káàbọ̀ o, Tíṣà. Ṣé àlàáfíà la wà? Nọ́ọ̀sì, wọ́n ní ọkọ̀ rẹ yìnbọn fún òkú."

Ọ̀rọ̀ ti dé Ṣàpọ́n. Ojú tì mí, mo ní púlọ́ọ̀gì mẹ́fà ni mo wá rà. Kò na ọwọ́ sí agolo kankan.

"Ọ̀nà wo lò ń gbà lójoojúmọ́?"

"Àlájà, púlọ́ọ̀gì ni mo wá rà, mi ò sọnù."

"Dá Àlájà lóhùn," ni bàbá mi wí.

"Kẹ́mta sí Papalanto, mo ń lọ, mo ń bọ̀."

"Ò ń sáré?"

"Tí títì bá ṣófo."

"Ṣé ó máa ń ṣófo?"

"Nígbà wo? Pẹ̀lú gbogbo lọ́rì tó wà níbẹ̀?"

Mo na ìwé ọkọ̀ sí i, ó wò ó, ó dá a padà fún mi. "Ti ẹni tó ń fi ọkọ̀ ṣeré lèyí. Tìrẹ ń ṣiṣẹ́. Èyí tó fi ipò kan gbóná ju ti inú ìwé lọ ni kí o mú. Ipò kan ni mo wí o. Tó bá fi méjì tàbí mẹ́ta gbóná jù ú lọ, á dáa láàárín ìlú, ṣùgbọ́n bí o bá fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ dáadáa lójú ọ̀nà tó jìn, ẹ́ńjìnnì á máa kàn gbangban, á sì pa ọ́ sójú ọ̀nà."

Ohun tí mo ti rò lọ́kàn gan-an ló sọ. Mo wo bàbá mi tìṣẹ́guntìṣẹ́gun. Àlájà ka mẹ́fà jáde látinú agolo, mo gbé wọn síbi tí oòrùn wà, mo ka nọ́ńbà ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà yẹn kéré, ó wà lára ibi funfun tó dà bí àwo. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bára mu. Àlájà fi ìwé ìròyìn wé wọn, bàbá mi ná an títí Àlájà fi ní òun fẹ́ kírun. Bí mo ṣe ń kọjá lọ gbé ọkọ̀ wá ni mo gbọ́ bàbá mi lẹ́yìn mi.

"Àlájà, èènì dà?"

"Tíṣà, púlọ́ọ̀gì kì í ṣe ẹ̀wà."

"Mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀wà. Èènì dà?"

Mo fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí mo gbé ọkọ̀ dé, bàbá mi ń bọ̀ pẹ̀lú ìwé ìròyìn tó wé púlọ́ọ̀gì, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo bi í pé kí ni Àlájà fún un.

"Kò kàn ọ́. Èmi ni mo bẹ̀bẹ̀, èènì mi ni."

Ọjọ́ Fúráídè, iṣẹ́ há mi mọ́lẹ̀. Mo gbé ìwé ìròyìn náà fún mẹkáníìkì bó ṣe wà, mo kàn tú u, mo kà á, ó pé mẹ́fà. Mi ò tún wo nọ́ńbà. Kí ni mo tún fẹ́ wò? Ṣebí mo ti wò ó ní ṣọ́ọ̀bù? Mẹkáníìkì fi wọ́n sí i, mo gbé ọkọ̀ náà yí ìlú ká, láti Kẹ́mta dé Ìbarà, mo gba Ṣàpọ́n padà. Kò húkọ́, kò yìnbọn. Ó gun òkè bí ẹni tó gbọ́ pé wọ́n ń pín oúnjẹ lókè. Mo sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà, àní mo tún hanrun.

Bàbá mi wọ agbádá funfun rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ọ̀rọ̀ tó fẹ́ bá àwọn ọmọ sọ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti kọ ọ́ sórí ìwé méjì: ojú ìwé kìn-ín-ní wà lórí òtítọ́, èkejì wà lórí kí èèyàn má máa pẹ́ dé ibi tó ń lọ. Wíwọ inú ọkọ̀ náà gba àkókò. Ó kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ wọ̀ ọ́, ìyẹn kò ṣe é ṣe. Ó fi orí wọ̀ ọ́, fìlà ṣubú. Níkẹyìn ó fi ìdí wọ̀ ọ́, èmi àti ìyá mi wá gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sínú ọkọ̀. Ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ká ọwọ́ lẹ́rán.

"Ẹ rántí o. Ẹ̀ẹ̀kan péré."

Ọkọ̀ mi lọ geere. A kúrò nílùú, a kọjá Èwékorò, mo ń kọrin nínú ara mi. Lẹ́yìn Èwékorò, ìyanu ṣẹlẹ̀: títì ṣófo. Kò sí lọ́rì kan níwájú mi. Mo wo bàbá mi. Ó di ilẹ̀kùn mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ètè rẹ̀ ń mì wúyẹ́wúyẹ́, ó ń gbàdúrà. Mo mọ̀ pé kò dáa, ṣùgbọ́n mo tẹ̀ ẹ́. Ọkọ̀ náà fò. Ẹ má bi mí bó ṣe dùn tó.

Kò pẹ́ tí mo fi gbọ́ ọ. Kàn. Kàn-kàn. Kàn-kàn-kàn nínú ẹ́ńjìnnì, bí ẹni tó ń fi òòlù kan ilẹ̀kùn. Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò. Mo ń bẹ̀ ẹ́ pé, "Jọ̀ọ́, má ṣe mí báyìí, Papalanto ló kù yìí." Ó húkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó gbọ̀n, ó kú.

Mo gbé orí lé sítíárì, mo sunkún, mi ò tijú láti sọ ọ́. Ó kú lẹ́ẹ̀kan péré, ó sì ti tán. Ní Mọ́ńdè, màá gbé ọkọ̀ mi fún ọkùnrin kan tí mi ò mọ̀ rí.

Nígbà tí mo sunkún tán, inú wá bí mi. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo fi ìborùn mi wé ọwọ́ torí ó gbóná bí iná, mo fi sípánà tú àwọn púlọ́ọ̀gì náà. Èkíní, tíì àti mílíìkì. Èkejì, tíì àti mílíìkì. Márùn-ún ni ara wọn le koko. Ẹ̀kẹfà funfun báláú, ẹnu rẹ̀ ti ń yọ́. Mo nu nọ́ńbà ara rẹ̀, mo wò ó. Kì í ṣe nọ́ńbà tí mo rà. Ó gbóná jù ú lọ ní ipò mẹ́ta.

Mo bú Àlájà. Mo ní tẹ̀sùbáà tó ń kà yẹn, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Mo bú mẹkáníìkì, mo bú òyìnbó tó ta ọkọ̀ fún mi, mo ń bú títì gan-an lọ nígbà tí mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn ṣí. Bàbá mi ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde.

"Gbé e wá, kí n wò ó."

Mo gbé e fún un nínú ìborùn. Ó bọ ọwọ́ sápò agbádá, ó yọ àpò awò ojú rẹ̀ jáde, ó ṣí i. Kò mú awò náà jáde. Ó tún dé e pa. Ó yí ẹ̀yìn sí mi, ó ń wo ọ̀nà Papalanto. Lọ́rì kan kọjá, ó da eruku lu agbádá funfun náà, kò gbọn ọ́n dànù. Ó dúró bẹ́ẹ̀ títí tí mo fi rò pé ara rẹ̀ ni kò yá. Lẹ́yìn náà ló ṣí àpò awò náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì na ọwọ́ sí mi.

Púlọ́ọ̀gì tuntun kan wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Mo wo nọ́ńbà. Nọ́ńbà mi ni.

"Èènì mi," ló wí. "Àlájà ju ọ̀kan sáàárín tìrẹ. Ó ní ti ẹ̀rọ ìlọta ni, pé kì í ṣe ti ọkọ̀, kí n yọ ọ́ sọ́tọ̀ kó má lọ dàrú mọ́ wọn. Mo yọ ọ́ sọ́tọ̀ lójú ẹsẹ̀."

"Bàbá, tèmi lẹ yọ sọ́tọ̀! Kí ló dé tí ẹ ò fi awò yín wò ó?"

"Àlájà ń wò mí." Ó tún fìlà rẹ̀ ṣe. "Tó bá mọ̀ pé mi ò ríran dáadáa mọ́, kò ní bẹ̀rù mi lọ́jà mọ́."

Mo fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló jáde. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára.

"Ṣùgbọ́n ẹ̀ bá ti dákẹ́, bàbá. Ọkọ̀ ti kú. Ẹ ti borí mi."

"Mo mọ̀ pé mo ti borí rẹ. Ohun tí mo ń rò látìgbà tí mo ti dúró síbí nìyẹn." Ó ń wo ọkọ̀ náà. "Mi ò kórìíra rẹ̀. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Láti aago mẹ́rin ni mo ti máa ń jókòó sójú fèrèsé. Ìsàlẹ̀ òkè ló ti máa ń bú bọ̀, mo sì máa ń sọ fún ìyá rẹ pé kó gbé oúnjẹ rẹ kaná. Lọ́jọ́ tó bá kú sọ́nà, mi ò ní gbọ́ nǹkan kan. Mi ò fẹ́ràn ọjọ́ bẹ́ẹ̀ rárá. Mo wá rò ó wò níbi tí mo dúró sí yìí: tí o bá ra ọkọ̀ tí kì í pariwo, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé o ti ń bọ̀?"

Mo fẹ́ràn bàbá mi gan-an lọ́jọ́ yẹn, mo gba púlọ́ọ̀gì náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Fi í sí i," ló wí. "A ti pẹ́."

Òun ló bá mi di wáyà mú tí mo fi fi púlọ́ọ̀gì náà sí i, kò sì ká apá agbádá rẹ̀ sókè. Ọkọ̀ bú, a wọlé, èmi nìkan ni mo gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sínú ọkọ̀ lọ́tẹ̀ yìí.

A bá àwọn ọmọ ilé ìwé náà lórí ìlà nínú oòrùn, wọ́n ti ń retí wa. Bàbá mi ka ojú ìwé kìn-ín-ní, ti òtítọ́, ohùn rẹ̀ lọ sókè dáadáa. Mo rí i tó ṣí ojú ìwé kejì, èyí tó wà lórí pípẹ́ dé, ó wò ó, ó tún ká a padà. Ó ní kí wọ́n máa gbé ẹ̀bùn bọ̀.

Kò kàn, kò húkọ́ títí tí a fi dé Kẹ́mta. Adájọ́ ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà dè wá.

"Ẹ káàbọ̀ o. Ó kú, àbí kò kú?"

Ọmọ Tíṣà ni mí. Mo la ẹnu láti jẹ́wọ́. Bàbá mi tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀, kì í sì í ṣe títẹ̀ kékeré.

"Kò kú," ló wí. "Èmi ni mo ní kó dúró lójú ọ̀nà. Mo fẹ́ tọ̀."

Ìyá mi wò ó láti fìlà dé bàtà. Ó wo apá agbádá funfun náà, níbi tí ọ́ìlì ti dúdú dé ìgbọ̀nwọ́.

"Ìtọ̀ wo ló dúdú báyìí, bàbá wọn?"

"Ìyá wọn, mo ti dàgbà."

Ìyá mi bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Nígbà tó rí èémí mí, ó ní adájọ́ ti gbọ́, ọkọ̀ kò kú, ó sì wọlé lọ gbọ́ oúnjẹ. Ó wá ku èmi àti bàbá mi lẹ́nu ọ̀nà. Mo bu omi sí i lọ́wọ́, mo rọra sún mọ́ etí rẹ̀.

"Bàbá, pàṣán méjì ni fún irọ́."

Ó gbé apá agbádá rẹ̀ sókè, ó wò ó dáadáa láìlo awò.

"Má gbàgbé ọ̀kan fún ìdọ̀tí," ló wí.